Bíi ti Ẹni Ìṣáájú

Òórùn aṣọ tútù tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, kí n tó rántí ojú ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni, ní Maitama l'Abuja, níbi tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lójú títì ti máa ń jọ ẹni tó sọnù, nítorí pé mọ́tò ni gbogbo ará ibẹ̀ ń gùn. Wọn kò fún àwa tí à ń tẹ̀wé ní yàrá níwájú tí àlejò ti lè rí wa. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi wá sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, tí a fi ń gbóòórùn ọṣẹ láàárọ̀, tí a sì ń gbóòórùn áyọ́ọ̀nù títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Èmi kò ráhùn o. Mpape ni mò ń gbé nígbà náà, lórí òkè tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, níbi tí eruku funfun ti máa ń bà lé ọbẹ̀ bí o kò bá tètè dé e. Ọ̀kadà ṣì wà nígboro, ìjọba kò tíì lé wọn. Ọ̀kan ni mo máa ń gùn sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, màá gbọn eruku ara síkẹ́ẹ̀tì mi dànù lẹ́nu géètì, mẹ́gádì á ní, "Sànnu, madam," èmi náà á ní, "Yauwa," mo sì ti di ọmọ Maitama títí di ìrọ̀lẹ́.

Iṣẹ́ wa kò ṣòroó ṣàlàyé, ó kàn ṣòroó ṣe ni. Bí dókítà oníṣẹ́-abẹ bá jáde ní tíátà, á sọ gbogbo ohun tó ṣe sínú rẹ́kọ́dà kékeré kan tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, lédè Òyìnbó: ibi tó là, ohun tó bá níbẹ̀, ohun tó yọ, bí ó ṣe rán an padà. Àwa á fi ẹ̀rọ bo etí, a ó máa gbọ́ ọ, a ó sì máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àwa méjì la wà nídìí rẹ̀. Ẹnì kejì mi jẹ́ ìyá kan láti Ẹ̀kìtì, tó ti ń tẹ̀wé fún ìjọba láti ìgbà tí ìjọba ti wà l'Ékòó, tó bá wọn ṣí wá sí Abuja, tó fẹ̀yìn tì, tí ìsinmi sì sú u. Gbogbo ilé ìwòsàn, títí kan àwọn dókítà, Ìyá ni wọ́n ń pè é. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ náà, kò sì fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ kọ́ mi.

Ìwọ tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, o lè rò pé ẹni tó bá ti gbọ́ Òyìnbó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ìbejì ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwọn dókítà. Orúkọ tí wọ́n fi ń pe eegun ìbàdí àti èyí tí wọ́n fi ń pe apá kan nínú ìfun, ohùn kan náà ni wọ́n fi ń jáde lẹ́nu. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà kúrò nínú kíndìnrín àti ọ̀nà tó ń gbà jáde lára, orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Bí o bá fi ti ìhín sí ipò ti ọ̀hún, o ti gbé abẹ lọ síbi tí abẹ kò dé. Jẹnẹrétọ̀ sì tún ń ké lábẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo. Ìyá kì í jẹ́ kí n méfò. "Ohun tí etí rẹ kò bá gbọ́ dájú, fi àyè sílẹ̀ fún un," ló máa ń wí. "Àyè kò pa ènìyàn rí." Nítorí náà, ìwé tiwa máa ń ní ihò bíi léèsì, dókítà á sì wá fi bírò dí wọn.

Dókítà tí à ń gbọ́ ohùn rẹ̀ jù lọ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ọkùnrin gíga tí ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn nínú ilé rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Àwọn ènìyàn láti ẹ́ḿbásì àti àwọn tí ń tajà ní Wúsè ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà nítorí rẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ́kọ́dà, ẹ̀pà ló máa ń jẹ sí i, tí mo fi máa ń gbọ́ ẹ̀pà kí n tó gbọ́ ìfun. Ó ń rẹ̀ ẹ́, ta ni kò ní rẹ̀? Nítorí náà ni ó fi ń dín ọ̀rọ̀ kù. Bí ó bá ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún ẹni méjì tẹ̀ léra, á sọ ti ẹnì kìn-ín-ní tán pérépéré. Tó bá dórí ẹnì kejì, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó bá sì kù díẹ̀ kó parí, á ní, "Ìyókù, bíi ti ẹni ìṣáájú." Àwa á gbé ìparí ọ̀rọ̀ ẹni ìṣáájú, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ẹnì kejì. Ọwọ́ tiwa yá, ọwọ́ tirẹ̀ yá, kò sì sí ẹni tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Tí a bá kó wọn dé tábìlì rẹ̀, tí kò bá ti sí àyè kankan láti dí, á kàn fọwọ́ sí wọn, akọ̀wé rẹ̀ á sì lu òǹtẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni, Iléyá ń sún mọ́lé, nígbà tí ọmọbìnrin tó máa ń dúró ní fèrèsé tí wọ́n ti ń gba ìwé wá ké sí mi. Ó ní kí n wá bá ará ilé mi sọ̀rọ̀, ó ti ń sunkún. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń fi Yorùbá sunkún nílé ìwòsàn yẹn, ará ilé mi ni. Mo bá obìnrin kan lórí ìjókòó, ọmọ Ìlọrin, tó ń ta ìborùn àti ẹní ìkírun ní ọjà Wúsè pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Kò dàgbà jù mí lọ. Ó ti nu ojú rẹ̀ kí n tó dé, àmọ́ etí ìborùn rẹ̀ ṣì tutù. Dókítà wa ló ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé, ara rẹ̀ sì ti le dáadáa kí wọ́n tó rí oṣù. Ìju, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní fáíbúróòdù, ló wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, ohun tí wọ́n sì bá dókítà sọ ni pé kó yọ ìju, kó fi ilé ọmọ sílẹ̀, nítorí kò tíì bímọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ìwé yìí," ó ní. "Ẹ kà á bó ṣe wà. Ẹ má fi ohunkóhun pa mọ́ fún mi."

Mo kà á. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára, ìju ni ó ń sọ. Nígbà tí mo dé ìparí, mo padà kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìparí náà sọ pé wọ́n yọ ilé ọmọ kúrò, wọ́n sì gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Mo mọ gbólóhùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí àìmọye ìgbà ni mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìwé.

Mo bi í pé ta ló ti kà á fún un. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ni, òṣìṣẹ́ ìjọba, ó gbọ́ Òyìnbó dáadáa. Ìwé náà kì bá tí dé ọwọ́ wọn rárá, àfi pé wọ́n ń lọ sílé fún Iléyá, ọkọ rẹ̀ sì ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́, kí dókítà Ìlọrin lè mọ ibi tí wọ́n bá a dé. Dókítà wa ti sọ fún tọkọtaya náà lẹ́nu, lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, pé ilé ọmọ wà níbẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n ka ìwé, ohun tó sọ ni pé, "Ẹnu ni dókítà fi ń tu ènìyàn nínú. Inú ìwé ló ń fi òótọ́ sí." Wọ́n ti ránṣẹ́ sílé. Àwọn àgbà ti ní kí ọkọ rẹ̀ múra, àwọn ti rí ọmọbìnrin kan tí yóò fẹ́ kún un, Iléyá ni àwọn yóò parí ọ̀rọ̀.

"Kì í ṣe pé mo ń bá orogún jà," ni obìnrin náà wí. "Ẹ̀sìn wa gbà á, ìyá mi gan-an ní orogún. Kí wọ́n máa wò mí bí ilé tí wọ́n ti ká òrùlé rẹ̀ lọ ni mi ò fẹ́."

Mo ní kó jókòó. Mo mú ìwé náà lọ bá Ìyá. Ó yọ ojú-ìgò rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún, ó tún fi í sójú, ó sì kà á. Lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, bí a ṣe máa ń fi sí i kí wọ́n lè mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó wo àwọn ìwé ọjọ́ yẹn bí ó ṣe tẹ̀ wọ́n tẹ̀ léra, ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo rántí kásẹ́ẹ̀tì yẹn," ó ní. "Kò sọ ọjọ́, orúkọ aláìsàn yìí ló kàn fi bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé bí dókítà ṣe máa ń sọ̀rọ̀ náà ni."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Kásẹ́ẹ̀tì lójú méjì. Bí ojú kìn-ín-ní bá kún, dókítà á yí i padà, á máa bá ọ̀rọ̀ lọ, kì í sì í sàmì sí i. Lọ́jọ́ náà, ojú kejì ni Ìyá kọ́kọ́ fi sínú ẹ̀rọ. Ẹni ìṣáájú tí dókítà ní lọ́kàn wà lójú kìn-ín-ní, obìnrin míràn tí wọ́n yọ ìju nínú rẹ̀ tí wọ́n sì fi ilé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni ìṣáájú tí Ìyá ní lọ́wọ́ jẹ́ àgbàlagbà kan láti inú kásẹ́ẹ̀tì míràn, tí wọ́n yọ ilé ọmọ tirẹ̀ kúrò. Ìyá tí kì í méfò, tó ti fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí kò dá a lójú jálẹ̀ ayé rẹ̀, kò rí àyè kankan tí ì bá fi sílẹ̀ níbí. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló gbọ́ ketekete. A kò sì lè gbọ́ ọ mọ́, nítorí a ti gba ohùn míràn lé kásẹ́ẹ̀tì náà lórí tipẹ́.

Àwa àti obìnrin náà gbé ìwé lọ bá dókítà, kò sì bá wa jiyàn. Ó ka ìwé náà lórí ìdúró, ó jókòó, ó tún un kà. "Èmi kò yọ ilé ọmọ obìnrin yìí," ó ní. Ó wá yíjú sí obìnrin náà, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í ní Yorùbá bóyá ó ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀. Obìnrin náà wo ilẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìyẹn ti tó ẹ̀rí," ni dókítà wí. "Ibi tí kò bá sí, kò lè mú nǹkan oṣù wá. O ò sọ fún wọn ni?"

"Mo ti ń pè é ní nǹkan oṣù tẹ́lẹ̀, sà," ó ní. "Nígbà tí ìwé dé, mi ò mọ orúkọ tí n óò máa pè é mọ́. Mo ní bóyá ojú ọgbẹ́ ni."

Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì mọ ẹni tí inú ń bí mi sí. Ara rẹ̀ ń sọ fún un lóṣooṣù pé ohun gbogbo wà ní ipò rẹ̀, kò sì gba ara rẹ̀ gbọ́, nítorí pé èyí tí a tẹ̀ sórí bébà hàn kedere, ó sì lóǹtẹ̀. Dókítà ní kí ó mú ọkọ rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wá, òun yóò ṣàlàyé fún wọn. Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà á gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó má dárúkọ nǹkan oṣù níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ òun. "Mi ò ní lè gbójú sókè wò wọ́n mọ́ láyé, sà. Ẹ sọ ohun yòówù, ẹ má sọ ìyẹn." Àna ni, àgbà sì ni. Dókítà wò mí, ó wo Ìyá, ó sì ṣèlérí fún un. Bí a ṣe fi ẹ̀rí kan ṣoṣo tí a ní sábẹ́ ẹní nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n dé, dókítà ní kí èmi àti Ìyá wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó dákẹ́, tó ń fi ìka pa etí fìlà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ń sọ̀rọ̀. Ó wọ káfútáànì tí wọ́n lọ̀ gan, bírò méjì wà ní àpò àyà rẹ̀, ó sì fi ìwé náà sínú fáìlì bí ìwé ìjọba. Ó kí wa tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀. Mo ti múra láti kórìíra rẹ̀, kò sì jẹ́ kó rọrùn fún mi. Dókítà tọrọ àforíjì, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ó ní kí n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì rẹ̀, ó sì ń pe iṣẹ́ abẹ náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lójú gbogbo wọn, láìfi ọ̀rọ̀ kan gé ọ̀rọ̀ kan kúrú. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀, ó fi lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n kà á tán. Ó yọ ti àkọ́kọ́ jáde láti inú fáìlì, ó tẹ́ àwọn méjèèjì ka orí tábìlì. "Dókítà, a dúpẹ́," ó ní. "Àmọ́ ẹ bá mi wò ó. Àkọ́kọ́ lóǹtẹ̀, èkejì náà lóǹtẹ̀. Ọwọ́ yín ló wà lára méjèèjì. Èwo ni kí n gbé lọ bá àwọn àgbà n'Ílọrin?"

Ìbéèrè gidi ni, mo sì gbà fún un nínú mi. Ìyá dìde, ó ní àṣìṣe òun ni, òun ni òun tẹ̀ ẹ́. Dókítà ní, "Ẹ jókòó, Ìyá. Èmi ni mo ń dín ọ̀rọ̀ kù." Ẹ̀gbọ́n ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ni yóò fọkàn àwọn balẹ̀ pé kò tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì? Dókítà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ẹ̀rọ wo inú obìnrin náà lójú wọn. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ̀rọ yín kọ́ ni?" Dókítà ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn míràn tó bá wù wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní kí àwọn tó rí ìyẹn ṣe, Iléyá ti dé, àwọn àgbà ti bá àwọn òbí ọmọbìnrin yẹn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí a bá sì ti mú jáde, àtikó o padà kì í rọrùn. Obìnrin náà jókòó létí ògiri, ó fa ìborùn síwájú títí tí mi ò fi rí ojú rẹ̀ mọ́. Mo wo dókítà. Gbólóhùn kan péré ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà kù, ó sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ṣèlérí.

Bí a ṣe jókòó bẹ́ẹ̀ ni iná lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́, jẹnẹrétọ̀ kò tètè dáhùn, yàrá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Dókítà ní kí n gbé omi jáde nínú fíríìjì òun. Mo gbé ike omi tútù fún ẹ̀gbọ́n, ó mu ún dé àárín. Mo gbé fún ọkọ, òun náà mu. Mo gbé fún obìnrin náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé àyà.

"Mo dúpẹ́," ó ní. "Mo ń gbààwẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n gbé ike kúrò lẹ́nu. "Ààwẹ̀ kín ni? Rámádáànì ti lọ tipẹ́. Àbí ààwẹ̀ àṣegbọrẹ tí kì í ṣe dandan ni?"

"Rárá o, Alájì," ó ní, kò gbójú sókè. "Èyí tí mo jẹ ni mò ń san."

Ọmọ Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé obìnrin Mùsùlùmí tó bá ń rí nǹkan oṣù kì í gbààwẹ̀ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, pé lẹ́yìn Rámádáànì ló ń san wọ́n padà. Ó ti yé ẹ̀gbọ́n tipẹ́. Mo rí i lójú rẹ̀, bí ẹni tó ń wá ọ̀nà ilé tó sì bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó bi í bóyá ara ìyàwó rẹ̀ kò yá nínú ààwẹ̀.

"Ara rẹ̀ le kóko, ẹ̀gbọ́n mi," ni ọkọ wí. Ohùn rẹ̀ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn. "Àwọn ọjọ́ tí àwọn obìnrin máa ń jẹ náà ló jẹ." Ó pa etí fìlà rẹ̀ títí, ó wá ní, "Mo mọ̀. Nínú ààwẹ̀ gan-an ni mo ti mọ̀, inú mi sì dùn. Nígbà tí ẹ ka ìwé, mo ní ta ni èmi tí n óò bá ìwé jiyàn?"

"Subuhánáláhì," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó dé ike omi náà, ó gbé e sílẹ̀ jìnnà sí ara rẹ̀. Ó mú ìwé àkọ́kọ́ lórí tábìlì, ó ya á sí méjì, ó tún ya á sí mẹ́rin, ó kó o fún dókítà bí ẹni tó ń dá nǹkan oní-nǹkan padà. Ó wá dojú kọ obìnrin náà. "Ìyàwó wa," ó ní, "o kú sùúrù." Obìnrin náà kúnlẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ń sunkún, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ti dìde nígbà náà, ó bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ yan ọjọ́ náà gbààwẹ̀. Mo bi Ìyá nígbà tí a padà sí yàrá wa. Ìyá ní, "Bí ó bá mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é, ó gbọ́n. Bí kò bá mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é, Ọlọ́run gbọ́n." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́, ó wá gbé orí lé ọwọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún fún ọjọ́ pípẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná sàmì pupa sí ojú kìn-ín-ní kásẹ́ẹ̀tì gbogbo kó tó gbé wọn padà fún dókítà. Dókítà náà kò sì pe gbólóhùn yẹn mọ́. Ìgbà kan wà tí mo gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ tó ti ń bẹ̀rẹ̀, "Ìyókù, bíi ti…" Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tó fọ́ ẹ̀pà kan, tó jẹ ẹ́, tó gbé e mì. Ó wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹni náà láti òkè.

Mo ti kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Ìyá ti lọ sinmi ní Ẹ̀kìtì, ìsinmi gidi lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo ti gbàgbé, àwọn ìbejì ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ti ń pọ̀ mọ́ra wọn lórí mi. Èyí tó kù ni pé, bí wọ́n bá gbé ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn fún mi, ìbáà jẹ́ ti ilé ìwé ọmọ mi tàbí ti ilé ẹjọ́, mo máa ń pe ẹni náà kí n bi í léèrè kí n tó kà á tán. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé mo ní ìbéèrè jù. Wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan tó mọ òtítọ́ àti obìnrin kan tí òtítọ́ wà nínú rẹ̀ jọ jókòó, tí wọ́n ń dúró kí bébà sọ ọ́ fún wọn. Kò sí ẹnì kankan láyé tó rí bíi ti ẹni ìṣáájú.

Nínú ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ ra ìborùn ní Wúsè fún ọ̀rẹ́ mi kan. Oòrùn ń ta, gbogbo ẹnu ti gbẹ, àwọn olùtajà kan ń sùn lórí ọjà wọn. Mo dé ìsọ̀ rẹ̀, mi ò rí i. Ọkọ rẹ̀ kí mi, ó sì fi orí júwe ẹ̀yìn. Mo yọjú. Òun nìyẹn, ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ìdì ìborùn níbi tí ẹni tó ń kọjá kò ti lè rí i, ó fi eyín já ọ̀rá omi kan, ó ń mu ún lọ́sàn-án gangan nínú Rámádáànì. Ó rí mi, kò fi pa mọ́. Ojú rẹ̀ kò dùn tán, nítorí ohun tí omi náà ń sọ ni pé oyún kò tíì dé lóṣù yẹn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀rá omi náà sókè sí mi bí ẹni tó ń fi nǹkan tó jẹ́ tirẹ̀ hàn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mu ún tán.